Àga Kejì

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù, gbogbo àga ìrọ̀gbọ̀kú tó wà létí omi ìlúwẹ̀ẹ́ lókè ọkọ̀ náà ti ní táwẹ̀lì lórí. Táwẹ̀lì nìkan o, kò sí èèyàn. Aṣọ ló ń yá oòrùn, àwọn tó ni ín ń hanrun nísàlẹ̀.

Obìnrin kan dúró láàárín àwọn àga náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Aránṣọ ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní òun ò lè máa gbé ilé tí wọ́n ti ń gún òun lójoojúmọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí lọ́jọ́ náà. "Ẹni tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló kún inú ẹ̀ ni kó máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́." Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń dá jẹun, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun alára ti ń bẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló mú un wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ yìí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀gbọ́n náà kó tó fẹ̀yìn tì, ọjọ́ mẹ́jọ lórí omi ló sì fi ń dá ara rẹ̀ lọ́lá. Ìwé pélébé tí wọ́n kọ òfin ọkọ̀ sí kò kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀. Fọwọ́ kó o tó bu oúnjẹ. Má wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wá jókòó nídìí tábìlì. Jẹ́ kí àwọn tó wà nínú lífítì jáde kí ìwọ tó wọlé. Aago ọkọ̀ ni aago. Bí a bá gúnlẹ̀ sí ìlú kan, má yí aago rẹ padà. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí bí orin.

"Ojú ìwé kẹsàn-án," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹni tó bá fi táwẹ̀lì di àga mú, tí kò padà títí ìdajì wákàtí, ẹlòmíì lè ká a kúrò."

"Ìdajì wákàtí?" Abẹ́rẹ́ gbójú sókè wo aago ńlá tó wà lára ògiri. "Ẹ jẹ́ ká kà á."

Àga méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ìbòòji. Fìlà ọkùnrin wà lórí ọ̀kan pẹ̀lú táwẹ̀lì, táwẹ̀lì nìkan wà lórí èkejì. Nígbà tí ìṣẹ́jú pé mẹ́rìndínlógójì, Abẹ́rẹ́ ká táwẹ̀lì àga kejì dáadáa, etí dé etí bí aránṣọ ṣe ń ká aṣọ, ó gbé e sílẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ sórí àga.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi dé. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, gíláàsì kékeré kan tí wọ́n fi ń wo nǹkan tíntìntín sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, àga yẹn ní ẹni tó ni ín."

"Ta ni? Táwẹ̀lì? Mo ti kí i, kò dáhùn."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gbọn ẹnu ọkùnrin náà, ó gbé e mì.

"Ẹni tó ni ín ń bọ̀ lọ́nà."

"Láti ibo? Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lórí omi láti ibi tá a ti gbéra ti dé. Ọ̀gbẹ́ni, ìdí kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún yín. Kí lẹ fẹ́ fi àga méjì ṣe?"

Ọkùnrin náà yà sápá kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó kan ń bọ̀. Ọwọ́ kan wà lórí ọ̀pá, ọwọ́ kejì ń kó etí aṣọ gígùn kan sókè kó má bàa gbé e ṣubú. Ìyá náà kì í wọ lífítì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ti òun mọ́ inú àpótí kó dúró kí òun kú ná. Àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin ló ti gùn wá. Ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń gbà á. Ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí Abẹ́rẹ́ sọ.

Abẹ́rẹ́ fò dìde. "Ẹ̀yin Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Mi ò mọ̀ ni."

"Ó tó," ìyá náà wí, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tó ga náà, ló dojú ọ̀rọ̀ kọ. "Ìdí kan náà ni Ọlọ́run fún èmi náà. Jẹ́ n lọ fi tèmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì."

Ó yí padà. Ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Abẹ́rẹ́ dúró, ó ń gbọ́ bí ọ̀pá náà ṣe ń kan àtẹ̀gùn, kò-kò, kò-kò, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ojú tì í dé eegun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣí ìwé, ó ń pa á dé, ó ń tún un ṣí.

"Kí ló sọ nípa arúgbó?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

"Kò sọ nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Lórí ọkọ̀ yẹn, tábìlì tí wọ́n bá yàn fún ọ lọ́jọ́ kìíní ni wàá ti máa jẹun ìrọ̀lẹ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, pẹ̀lú ẹni yòówù tí wọ́n bá fi tì ọ́. Ní aago mẹ́fà ọjọ́ náà, wọ́n da àwọn tábìlì kéékèèké pọ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ìdí tirẹ̀, ta ló rí? Ìyá àti ọmọ, wọ́n ti jókòó.

"Màmá, mo tún wá bẹ̀ yín," ó ní.

Ìyá náà na ọwọ́ sí búrẹ́dì. "Ẹ sọ fún ẹlẹ́nu yẹn pé kó bá mi sún bọ́tà síbí."

Abẹ́rẹ́ sún bọ́tà. Ọkùnrin náà bo ẹnu pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀rín náà dá, ó sọ fún wọn pé aago títúnṣe ni iṣẹ́ òun, Aláago ni wọ́n sì ń pe òun. Ẹ̀gbọ́n wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Aláago tí kò wọ aago?"

"Mà, ṣé alágbẹ̀dẹ máa ń so irin mọ́ra ni? Aago ogójì ló ń pariwo sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wá sinmi."

Abẹ́rẹ́ kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò ó, kò sì tètè gbójú kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ dìde ní aago mẹ́fà, ó lọ jókòó sórí àga kejì abẹ́ ìbòòji náà. Kò nà gbalaja. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù. Nígbà tí Aláago débẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́, ó ní: "Ẹ gbé táwẹ̀lì yín padà. Wọ́n lè ká táwẹ̀lì kúrò. Kí ẹnì kan wá ká èmi kúrò, kí n rí i."

"Ẹ máa jókòó títí Màmá á fi dé?"

"Bó di ìrọ̀lẹ́."

Nígbà tí ó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ dìde, ó fọwọ́ nu àga náà, ó sì bá ọ̀nà kejì lọ kí ìyá má bàa rí ojú tí kò fẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀. Ìyá á dé, á jókòó, á ní: "Àga yìí gbóná. Ta ló jókòó síbẹ̀?" Aláago á ní oòrùn ni. Ìyá á gbójú sókè wo ìbòòji.

Lẹ́yìn tó bá ti fi ìyá rẹ̀ jókòó tán, Aláago á wá Abẹ́rẹ́ lọ síbi irin ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo omi. Ọ̀rọ̀ aago àti òwú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ ara wọn.

"Ṣé ẹnu mi kì í bà ọ́ lẹ́rù ni?" ni Abẹ́rẹ́ bi í lọ́jọ́ kan. Ó ti bọ́ kúrò lórí "ẹ" nígbà náà.

"Aago tó bá ń dún, a mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó dákẹ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi."

"Má fi ọ̀rọ̀ dídùn pa mí o. Ọkọ̀ la wà, kò síbi tí mo lè sá sí."

"Olólùfẹ́ mi, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ níbí nìyẹn."

Olólùfẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ di irin ọkọ̀ mú. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á bákan náà.

Aláago kò fi nǹkan pa mọ́ fún un. "Obìnrin méjì ni mo ti mú wálé rí. Ìrìn Màmá ló lé wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń rìn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ìyá ẹ̀. Èmi ò sì ní yára ju báyìí lọ, títí Ọlọ́run á fi pè é. Tí Màmá ò bá gbà ọ́, ìyẹn ni pé..." Kò parí rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ méjì ni ìlú tirẹ̀ sí ti Abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ láìjẹ́ pé ìyá sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ sì ti tún ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéra, àwọn èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ irin lókè láti wo àwọn tó pẹ́. Eré ọ̀fẹ́ ni lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ ń sáré bọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ bàbá náà. Ẹnu Abẹ́rẹ́ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ: "Bàbá, ẹ fi bàtà yẹn sílẹ̀ fún wọn! Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹja á gbé yín wá!" Òkè ọkọ̀ hó gèè. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Aláago ń bẹ lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn wọn. "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e," ló wí, kò pariwo, "òun ló ń fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì ṣẹ̀rín."

Ẹ̀rín kú mọ́ Abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n dé èbúté ìkẹyìn kí wọ́n tó padà sílé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà. Ẹ̀gbọ́n lóun máa gbọ́ àwíyé lórí ẹja ńlá inú òkun nínú ọkọ̀. Ìyá Aláago ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Nígbà tí wọ́n délẹ̀, ìyá náà dúró.

"Ìwọ ẹlẹ́nu. Sún mọ́bí. Ìwọ ni wàá mú mi lọ́wọ́ lónìí. Ìwọ," ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, "padà sọ́kọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Kí Aláago tó lọ, ó gbójú sókè wo aago ilé gogoro tó wà létí èbúté, ó sì wo èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ti ìyá fi wákàtí kan ṣáájú. Ọwọ́ oníṣẹ́ kì í dúró: ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó yí ọwọ́ aago padà kó bá ti ilé gogoro mu. Abẹ́rẹ́ dúró níbẹ̀, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ìka ọkùnrin náà ló ń wò, kò wo ohun tí ìka ń ṣe. Ìfẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ríran.

Wọ́n rìn. Òpópónà tóóró kan ni, ilé aláwọ̀ funfun lọ́tùn-ún lósì, aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé ń fẹ́. Abẹ́rẹ́ ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń dúró, ó ń gbé èkejì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni etí aṣọ gígùn yẹn fẹ́ gbé ìyá ṣubú. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan.

"Mo ga ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n rán an," ìyá wí. "Bàbá wọn ló rà á fún mi. Mi ò lè gé e."

"A ò ní gé e, Màmá. A máa ṣẹ́ ẹ sínú ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún ga, a tú u."

Ìyá wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé. Ẹ̀rín kékeré kan yọ, ó sì sá padà. "Ṣé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ṣé ó yẹ kéèyàn bi aránṣọ léèrè? Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú àpamọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí aṣọ náà.

"Ìwọ lò ń jókòó sórí àga mi láràárọ̀," ìyá wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Oòrùn kì í lo òróró ìpara, ọmọ."

Abẹ́rẹ́ sin orí sídìí iṣẹ́. "Màmá, ẹnu mi ti bà mí láyé jẹ́. Mo mọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ kí n tó rò ó."

"Èmi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi yá. Ẹsẹ̀ tó ń falẹ̀ ló kọ́ ẹnu mi ní ìrìn. Aago mélòó ti lù?"

Abẹ́rẹ́ wo aago ọwọ́ ìyá náà. "Mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. A ṣì ní wákàtí kan." Ó rán iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ti dé ìdajì yípo aṣọ náà nígbà tí fèrè ọkọ̀ ké. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn, gbangba: Aago ọkọ̀ ni aago. Aago ìlú, tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ni wọ́n ń kà.

"Yéè! Màmá, ọkọ̀ ń lọ!"

Nígbà tí wọ́n yọ sí èbúté, wọ́n rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti ń tú okùn. Òkè ọkọ̀ kún fún orí èèyàn, wọ́n sì ti rí wọn. "Sáré! Sáré! Sáré!" Àtẹ́wọ́ ń dún. Ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó kígbe pé kí wọ́n gbé ìyá náà sẹ́yìn.

Ọ̀nà náà kò ju ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ yíyá lè sá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ mọ̀. Ìyá náà mọ̀ pẹ̀lú.

"Fi mí sílẹ̀," ó ní. "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Máa sáré. Ọkọ̀ ò ní dúró de ẹsẹ̀ mi."

Abẹ́rẹ́ wo àwọn tó wà lókè. Ibi tó dúró sí lọ́jọ́ kẹrin gan-an ni wọ́n wà. Ó fi apá ìyá kọ́ apá rẹ̀.

"Màmá, ẹ má sáré. Ẹ kó etí aṣọ yín dáadáa, mi ò tíì ṣẹ́ apá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ wò, kó wò yó."

Ẹsẹ̀ kan. Ọ̀pá. Ẹsẹ̀ kejì. Ariwo lókè bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìrìn náà ti pẹ́ jù fún ẹ̀rín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ mọ́.

Aláago wà lẹ́nu àtẹ̀gùn ọkọ̀. Aago ara ògiri ni ó rí lókè tí ọkàn rẹ̀ fi já, tó rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó ti bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ títí. Wọ́n ní ọ̀gá ti pàṣẹ, bó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, àwọn ò ní dúró dè é. Ó wo omi, ó wo obìnrin méjì tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́nà jíjìn, tí èyí tó lè sáré nínú wọn kò sáré. Ó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Wọ́n fa àtẹ̀gùn náà sókè lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Èmi ni. Èmi ni mo yí aago. Ọdún mẹ́rìnlélógún nídìí iṣẹ́ yìí, aago tó tọ̀nà ni mo lọ bà jẹ́."

"Aláago," Abẹ́rẹ́ wí, "bí wọ́n bá gbọ́ èyí ní àdúgbò rẹ, o ti jẹun nídìí iṣẹ́ yẹn tán."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó sì dì í mọ́ra níbẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo ọkọ̀.

"Ìwé ìrìnnà wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ lọ́wọ́ mi," ó ní, nígbà tó fi í sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ẹ fi tìẹ rán mi. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ojú ìwé kọkànlá ló wà pé kéèyàn mú un dání bó bá ń sọ̀ kalẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó máa sọ ọ́."

Ohùn kan ń ké láti òkè. Ẹ̀gbọ́n ni, ó tẹ̀ síwájú lórí irin, ìwé òfin rẹ̀ kò sí lábẹ́ abíyá. Táwẹ̀lì ọkọ̀, èyí tí ìwé ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú sọ̀ kalẹ̀, ló ká mọ́wọ́. "Ẹ máa fi jókòó!" ó kígbe, ó sì jù ú. Táwẹ̀lì náà tú nínú afẹ́fẹ́, ó ń bọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó balẹ̀ sórí òkúta èbúté. "Màá bá yín kẹ́rù délé! Abẹ́rẹ́! Má sọ̀rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ o!"

Ọkọ̀ yí imú sókun. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó máa lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bẹ́ńṣì onípákó kan wà létí omi. Aláago gbọn táwẹ̀lì náà, ó tẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá jókòó sí ìkangun kan, ọmọ rẹ̀ sí ìkangun kejì. Àyè kan ṣẹ́kù láàárín.

Abẹ́rẹ́ dúró, òwú ṣì ń rọ̀ láti etí aṣọ ìyá. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò kú rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀, kò mọ ohun tí ó yẹ kó sọ.

Ìyá fọwọ́ gbá àyè àárín náà. "Ìdajì wákàtí ni wọ́n ń fún èèyàn lórí ọkọ̀ yẹn. Èmi ò ní ka ìṣẹ́jú fún ẹ. Jókòó, ìyàwó mi. Wá parí aṣọ mi."